Ìsọ̀ Lọ́tọ̀, Àká Lọ́tọ̀: Bí Mo Ṣe Wá Ilé fún Fọ́tò Bàbá Mi

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Àwọn tó ti ṣáájú mi dé ti kìlọ̀ òtútù fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wé aṣọ mọ́ra bí ẹ̀kọ inú ewé. Ìdákẹ́jẹ́ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Sheffield, mo jáde, mo rí ọkùnrin kan tó ń gbá ewé gbígbẹ níwájú ilé rẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní Ìjẹmọ̀ tí wọ́n bí mi sí, nínú ìlú Abẹ́òkúta, bí o bá kọjá lára ẹni tó ń gbálẹ̀ láìkí i, kí o tó délé ni ẹjọ́ rẹ ti dé etí ìyá rẹ.

Ohun kan ló tù mí nínú. Ìlú náà kún fún òkè. Bí o bá jáde nílé, o ń gòkè ni tàbí o ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tí a jọ wá láti ilé, àwọn ará Èkó àti àwọn ará ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ń ráhùn orúnkún. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ọmọ tó dàgbà sáàárín àpáta kì í bẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé kan tí wọ́n kó wọn jọ sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ibẹ̀ wo orúkọ mi, ó ní ó gùn, ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì kan pè mí. Mo gbà, nítorí àlejò ni mí, iṣẹ́ ni mo sì wá ṣe. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ìdajì yẹn pè mí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ní kó wá gba owó iṣẹ́ mi.

Màmá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Margaret. Ó ní páálí bàtà kan tó kún fún fọ́tò. Bí mo bá ti wọ ọ́ láṣọ tán láàárọ̀, á ṣí i, á na ọ̀kan sí mi, á ní, "Ta nìyí?" N kò mọ̀. Òun náà kò mọ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ ìsinmi, mo bi òun náà, ó yí fọ́tò náà síwá sẹ́yìn, kò rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ó mi orí. Àwọn ènìyàn tó rẹwà, tí wọ́n wọ aṣọ tó dára, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ya wọ́n, kò sì sí ẹnì kan láyé tó lè pè wọ́n lórúkọ. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Bàbá mi ni mo rántí.

Onífọ́tò ni bàbá mi. Gbogbo Ìjẹmọ̀ ló mọ̀ ọ́n sí Alájì Onífọ́tò. Òun ló ń ya ìsọmọlórúkọ, òun ló ń ya wòlímọ̀, òun ló ń ya àwọn tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà kí wọ́n tó wọkọ̀. Kò sí ilé oníṣòwò kan ládùúgbò wa tí kò ní fọ́tò tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Kò tíì pẹ́ tí mo dé òkè òkun ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Dókítà sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù ni kí wọ́n máa ṣìkẹ́.

Ohun tó wà níwájú wa nìyẹn. Fọ́tò wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀lọpọ̀, pẹ̀lú nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ wọn wà lórí bàbá mi nìkan. Bí ojú rẹ̀ bá kú pátápátá kí ó tó pè wọ́n tán, gbogbo ènìyàn wa á di ará páálí Màmá Margaret.

Àbúrò mi Sàkírù ló gbé iṣẹ́ náà lé èjìká. Ìbarà ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ojú ọ̀nà ni ayé rẹ̀ ń parí sí láti Ajé dé Jímọ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá wa tó wà níwájú agboolé wa, á fi ẹ̀rọ kó fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà. Bàbá á sún mọ́ fèrèsé pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, á máa pe orúkọ, Sàkírù á máa tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Èmi á wà lórí fóònù, mà á máa gbọ́, mà á máa lọ aṣọ iṣẹ́ mi. Wákàtí yẹn nìkan ni n kì í dá wà láàárín ọ̀sẹ̀.

"Èyí tó wé gèlè yìí ńkọ́, Bàbá?"

"Ràbíátù ni, ìyàwó oníwòsìwósì. Ọkọ rẹ̀ ló dúró tì í yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni, èmi ni mo ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Kí n kọ Ràbíátù sílẹ̀?"

"Ràbíátù ọmọ ta ni?" Bàbá á ti gbóhùn sókè. "Ràbíátù pọ̀ nílẹ̀ yìí bí iyanrìn. Orúkọ tí kò ní ọmọ-ta-ni, orúkọ kọ́ nìyẹn. Kọ ọ́: Ràbíátù, ọmọ Búsàrí aláwọ."

Òfin rẹ̀ nìyẹn, kò sì yí i padà fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tèmi ni láti wá ilé fún wọn lórí ayélujára. A fẹ́ ìkànnì tí ọmọ Ìjẹmọ̀ tó bá wà níbikíbi á ti lè rí ìyá-ìyá rẹ̀. A sì fẹ́ ibi tí ojúlówó fọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà yóò máa sùn, tí iná, òjò tàbí olè kò fi ní rí i. Mo rò pé nǹkan kan náà ni. Sàkírù náà rò bẹ́ẹ̀. Ó fi ìpolówó ilé-iṣẹ́ kan tó ń fún ìkànnì láàyè ránṣẹ́ sí mi tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn wọ̀nyí poku gan-an, wọ́n sì ní àìlópin ni àyè wọn. Àìlópin o!"

Ọmọ oníṣòwò ni ìyá tó bí mi. Bí ènìyàn bá sọ pé ọjà òun kò lópin, a máa ń bi í léèrè ibi tí òpin rẹ̀ wà. Mo kọ̀wé sí wọn, mo ní ṣé mo lè kó gbogbo fọ́tò bàbá mi síbẹ̀ kí wọ́n kàn máa sùn. Wọ́n ní rárá o, ohun tí ìkànnì ń fi han àlejò nìkan ni, ẹni tó bá fi àyè àwọn ṣe yàrá ẹrù, àwọn á tì í pa. Mo bi wọ́n nípa ọdún kejì, nítorí mo ti rí i pé ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń polówó. Ẹni tó ń dá mi lóhùn kọ́kọ́ sá lọ bí ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó padà wá sọ òótọ́ pé owó á fò sókè.

Àwọn kejì, ìpamọ́ ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹrù wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, owó oṣù kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mo ka ìwé àdéhùn wọn délẹ̀, mo rí i pé ọjọ́ tí o bá fẹ́ kó ẹrù rẹ jáde ni wọ́n á tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa bu owó lé e níwọ̀n bí ẹrù ṣe wúwo tó. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo kọjá.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n yàn láàyò. Mo tọ́ wọn wò bí obìnrin ṣe ń tọ́ epo wò kí ó tó rà. Mo kó fọ́tò díẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò ti rù. Wọ́n ti fún un pọ̀ kó má gbàyè. Ilà tó wà lójú ìyá arúgbó kan, tí bàbá mi yà tó fi hàn kedere, ti di ọ̀bọ̀rọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyá bàbá mi, tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá. Iṣu tó bá fẹ́ tà, ó wà níwájú, lórí ìsọ̀, níbi tí oníbàárà ti ń rí i. Èbù tó fẹ́ gbìn lámọ́dún kì í wà níbẹ̀. Apá kan wà nínú àká lóko, apá kan wà nílé wa nígboro, ó ní bí iná ìgbẹ́ bá jẹ oko, kò ní jẹ ìlú. Mo na ọwọ́ lu tábìlì. Ìsọ̀ lọ́tọ̀, àká lọ́tọ̀! Ìkànnì ni ìsọ̀, fọ́tò kéékèèké tó tó fún àlejò ni kó wà níbẹ̀, ẹni tó poku, tó sì dúró déédéé, ti tó. Ojúlówó ni kó wọ àká, níbi tí wọn kò ní fún un, tí wọn kò sì ní gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àká tí mo padà rí kì í ṣe ti gbajúmọ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, ènìyàn gan-an ló sì máa ń gbé fóònù wọn. Mo tọ́ wọn wò, fọ́tò padà bí mo ṣe kó o lọ. Mo pè wọ́n, obìnrin kan gbé e.

"Bí ilé tí ẹ kó ẹrù mi sí bá jóná, ẹrù mi ńkọ́?"

"Ó wà ní ilé kejì, nílùú mìíràn."

"Ṣé ìlú mìíràn gidi ni, àbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìlú mìíràn gidi, ó sì pe iye owó wọn. Mo ní ṣé iye tó kẹ́yìn lẹ pè yẹn. Ó jọ pé wọn kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ kó fún un, mo sọ ti ojú bàbá mi. Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì, wọ́n dín in kù fún mi. Ọmọ Ẹ̀gbá ná ọjà lórí fóònù lọ́dọ̀ òyìnbó, ó sì jẹ́! Mo rìn gun òkè lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀.

Ó ku Bàbá.

"Kí n kó àwọn ènìyàn mi lọ sílé ẹni tí n kò mọ̀?"

"Bàbá, ẹ rántí èbù Ìyá Ọ̀dẹ̀dá."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. "O mú mi. Ó dáa, kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n èmi náà á fi ẹ̀dà kan sílé ọ̀tọ̀ níbí."

Sàkírù ra dísìkì kan, ó da gbogbo rẹ̀ sí i. Mo bi í léraléra pé ṣé ilé tó wà yàtọ̀ sí ti Bàbá, ó ní ó yàtọ̀ pátápátá. Mo sì ṣètò kọ̀ǹpútà náà kó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti wọ inú rẹ̀, á máa fi ránṣẹ́ sí àká fúnra rẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa tan módẹ̀mù tó ń fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n má pa á títí ẹrù yóò fi lọ tán.

Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Awò Bàbá ń nípọn sí i. Nígbà tó yá, ó ní kí Sàkírù sọ fún òun iye ènìyàn tó wà nínú fọ́tò àti aṣọ tí wọ́n wọ̀, òun á fi ìyẹn mọ̀ wọ́n. Wọ́n pe èyí tó kẹ́yìn ní Sátidé kan. Bàbá gbé awò sílẹ̀. Kò tún gbé e mọ́, nítorí kò sí ohun tó tún lè fi í rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wà nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́ nígbà tí Sàkírù pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Sọ ọ́."

"Ìjì ti ká òrùlé lọ."

"Bàbá ńkọ́?"

"Ara Bàbá le. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò wọ ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà ti kú. Àwọn nẹ́gẹ́tíìfù ti lẹ̀ mọ́ra."

"Dísìkì ńkọ́? Ṣebí ilé ọ̀tọ̀ ló wà."

"Ilé ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́."

"Sàkírù, ilé ta ni dísìkì yẹn wà?"

"Ilé Ìyá Kúdí."

Mo jókòó. Ìyá Kúdí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ilé rẹ̀ yàtọ̀ lóòótọ́. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ yàtọ̀, ààrò rẹ̀ yàtọ̀, bí o bá fẹ́ wọ ibẹ̀ o gbọ́dọ̀ kágò. Nínú agboolé wa, kò sí ẹni tó máa sọ pé ilé Bàbá àti ilé Ìyá Kúdí, ilé kan náà ni. Bí ẹ bá bi èmi náà nígbà tí mo wà nílé, bẹ́ẹ̀ ni mà á ṣe dáhùn. Ṣùgbọ́n òrùlé kan ṣoṣo ló bo agboolé náà, láti orí yàrá Bàbá títí dé orí àpótí tí Ìyá Kúdí fi aṣọ wé dísìkì sí. Ìjì kò mọ ìlẹ̀kùn ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì.

"Ó ku àká òkè òkun," ni mo wí.

Ohùn Sàkírù wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Módẹ̀mù yẹn ń jẹ dátà. Bí a bá ti ṣe tán ní Sátidé, mo máa ń pa á kí n tó lọ sí Ìbarà. N kò mọ̀ bóyá nǹkan kan ń lọ."

N kò bú u. Ẹni tó ń jí lọ sí Èkó lójoojúmọ́, tó tún ń fi ìsinmi rẹ̀ ṣiṣẹ́ Bàbá, kí ni mo fẹ́ bú u sí? Nẹ́gẹ́tíìfù lè gbẹ, a lè rí díẹ̀ yọ níbẹ̀. Orúkọ ni a kò lè sá gbẹ. Ojú tó fi pè wọ́n ti lọ.

Mo ṣiṣẹ́ parí bí ẹni tó ń lá àlá. Mo délé, n kò bọ́ kóòtù, mo ṣí àká. Ó ń yí, ó ń yí. Mo ní Bísímílà. Ó ṣí. Mo rí ìsọmọlórúkọ, mo rí wòlímọ̀, mo rí àwọn onímẹ́kà. Mo sáré lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, síbi fọ́tò tí Bàbá pè kẹ́yìn. Ó wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ta-ni. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò mi, tí kò kí mi rí, fi kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí. Mo dì mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí mi.

Mo pe ilé.

"Ó pé! Gbogbo rẹ̀ pé! Sàkírù, ta ló ń tan módẹ̀mù?"

"N kò mọ̀ o."

Mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni," Bàbá ní. "Ṣebí ìwọ lo ní kí a máa tàn án kí ẹrù lè máa lọ sí àká? Bí mo bá ti kírun Mọ̀gáríbì tán, mà á wá a pẹ̀lú ọwọ́, mà á tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá jí ni mo ń pa á. Ìyá mi kì í jẹ́ kí èbù sùn sójú ọ̀nà."

"Ẹ̀yin lẹ ń jẹ dátà mi!" Sàkírù pariwo. Ẹ̀rín pa àwa mẹ́ta lórí fóònù, a rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, kò sì sí ẹni tó tijú fún ẹnìkejì.

Nígbà tí wọ́n ti kan òrùlé padà, a ṣí ìkànnì náà. Kò pẹ́ tí ìwé fi ń wọlé. Ọkùnrin kan kọ̀wé láti Kánádà pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ojú ìyá tó bí ìyá òun fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá náà ni Ràbíátù, ọmọ Búsàrí aláwọ. Mo ka ìwé náà fún Bàbá. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ẹni tó bá wa tọ́jú ẹrù yẹn, ṣé o ti lọ kí i kú àná?"

"Bàbá, ilé-iṣẹ́ ni. A ń sanwó."

"Mo gbọ́ pé ẹ ń sanwó. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Pè é."

Mo pè é. Obìnrin ọjọ́sí náà ló gbé e. Ó ní kí ni ìṣòro mi. Mo ní kò sí ìṣòro. Ó tún bi mí pé kí ni kò ṣiṣẹ́. Mo ní gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́, bàbá mi ló ní kí n dúpẹ́ àná. Mo ro gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Nígbà tó fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gbé fóònù níbẹ̀, ìṣòro nìkan làwọn ènìyàn ń gbé wá. Ó ní kí n sọ orúkọ mi kí òun lè sọ fún àwọn yòókù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò gé e. Ó pè é, ó ṣì í. Mo tún un sọ. Mo dúró tì í títí ó fi pè é tán, délẹ̀délẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo ní kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ gbogbo orúkọ mi.

Fọ́tò tó kẹ́yìn lórí ìkànnì wa lónìí kì í ṣe ti ọmọ Ìjẹmọ̀. Obìnrin àká náà ló fi í ránṣẹ́ nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́. Bàbá kò rí i, ṣùgbọ́n mo ṣàlàyé fún un: ó gba irun sẹ́yìn, aṣọ òtútù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Helen."

"Helen ọmọ ta ni?"

Mo mọ̀ pé á bi mí, mo ti béèrè sílẹ̀. Bàbá ní kí n kọ ọ́ bí òun bá ṣe ń pè é, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Helen, ọmọ Peter oníbúrẹ́dì. Ó bá wa tọ́jú ẹrù, ó sì dá a padà ní pípé.